Ìwọ̀nba Tó Kù Nínú Páálí

Fóònù méjì ni mo fi to ọjọ́ Sátidé yẹn pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti Bàbá Ìbejì, aládùúgbò mi ní Àgbowó, ní Ìbàdàn, ẹni tí kì í ra ohunkóhun láìya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Èkejì jẹ́ ti Ìyá Ìbejì, tó ń bá àbúrò rẹ̀ tó wà ní London sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní aago tirẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan náà sì ní. Níbi tí fóònù ò bá ti ní ohun tó sọ, ojú mi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ló kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń to kẹ̀kẹ́ náà.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ o, kì í ṣe Márúwá. Iṣẹ́ ìjọba ni Bàbá Ìbejì ń ṣe ní Sẹkitéríàtì, ní Agodi. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróò, tí owó ọkọ̀ sì ń gun orí ara wọn, ló ti ń rò ó lọ́kàn pé láti Àgbowó gba Bódìjà dé Agodi kò ju ohun tí ẹni tó lẹ́sẹ̀ méjì lè wà lọ. Ó wá kẹ̀kẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó rí pupa kan, gíà 21, táyà 26, owó rẹ̀ kò sì tó ti èyí tó rí ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó rẹ̀ béèrè pé ta ni yóò tò ó. Ó ní wọ́n ti tò ó tán, ó ku ìwọ̀nba.

Aago mẹ́jọ àárọ̀

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni fọ́tò àkọ́kọ́: páálí gbọọrọ kan fẹ̀yìn ti géètì, téèpù yí i ká. Ní ìsàlẹ̀ igun kan, irin ti lu páálí náà já síta. Ọmọkùnrin tó gbé e wá kò gbà kí wọ́n tú u wò kí wọ́n tó sanwó. Ó ní bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún òun nìyẹn. Bàbá Ìbejì fi fóònù sanwó, bọ́ọ̀sì tó gbé e wá sì ti yà sí títì kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀ ihò ara páálí.

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé ìdá 85 nínú 100 kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n ti tò. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí à ń rà báyìí ló ń wọlé pẹ̀lú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì tíì mọ ohun tí wọ́n fi ń kà á. Bó bá jẹ́ iye irin ni, ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹ wá wo ohun tó kù: ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ iwájú, bíréèkì iwájú, ìjókòó, pẹ́dàlì méjèèjì. Gbogbo ibi tí ara èèyàn ti ń kan kẹ̀kẹ́, gbogbo ohun tí a fi ń darí rẹ̀, gbogbo ohun tó ń dá a dúró, inú ìdá 15 yẹn ni wọ́n wà. Ohun tí wọ́n ti tò ni èyí tí kò lè pa ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Láti Ṣáínà ni èyí tó pọ̀ jù nínú kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú ti ń wá, láti ìlú bíi Tianjin tó ti di ìlú oníkẹ̀kẹ́ tipẹ́. Kẹ̀kẹ́ tó bá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń gba àyè nínú kọ̀ǹténà, àyè sì ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n á yọ ẹsẹ̀ iwájú, wọ́n á tú ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á yí fọ́ọ̀kì rẹ̀ sẹ́yìn kó lè wọ páálí pẹlẹbẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀kì yẹn sọ́kàn.

Aago mẹ́sàn-án

Àwọn ìbejì, ọmọkùnrin méjì tó ń múra WAEC, ló fi ọ̀bẹ la páálí. Fọ́tò mọ́kànlá ni Bàbá Ìbejì yà láàárín wákàtí yìí. Nínú wọn, a rí kẹ̀kẹ́ náà tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ẹsẹ̀ iwájú tí wọ́n fi okùn rọ́bà so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀ dirodiro sára wáyà bíréèkì àti ti gíà. Nínú páálí kékeré kan ni pẹ́dàlì wà pẹ̀lú ìdì nọ́ọ̀tì àti irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n gé ihò oríṣiríṣi sí, tí wọ́n pè ní sípánà. Èmi gbé irin yẹn lọ́wọ́. Bí mo bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, á tẹ̀.

Ìwé ìtọ́nisọ́nà wà ńbẹ̀. Ojú ewé kan náà ló fi sọ̀rọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ ọmọdé, kẹ̀kẹ́ àgbà, èyí tó ní gíà àti èyí tí kò ní, àwòrán inú rẹ̀ kò sì ju èékánná lọ. Kẹ́hìndé kà á sókè fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní kí oníkẹ̀kẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gùn ún, bàbá rẹ̀ ní kó fò ó.

Aago mẹ́wàá

Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i. Bàbá Ìbejì ga, ó sì fẹ́ kí ọwọ́ náà ga, ó wá fa ọ̀pá rẹ̀ sókè títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lára ọ̀pá yẹn, wọ́n ya ìlà kéékèèké yí i po. Ìlà náà gbọ́dọ̀ wọ inú lọ pátápátá kí èèyàn má rí i mọ́, nítorí bí ọ̀pá kò bá wọlé tó, ó lè ya tàbí kó fà jáde lọ́jọ́ tí oníkẹ̀kẹ́ bá fi gbogbo ara lé e nínú kòtò. Nínú fọ́tò aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìlà náà hàn kedere lókè, bí ìka méjì sí ibi tó yẹ kó wà. Kò sẹ́ni tó rí i.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbé ẹsẹ̀ iwájú wọ fọ́ọ̀kì. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn: fọ́ọ̀kì tó kọjú sẹ́yìn á gba ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí èyí tó kọjú síwájú. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà dúró, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Apá bíréèkì iwájú wà lẹ́yìn fọ́ọ̀kì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan irin ìsàlẹ̀. Lójú ẹni tí kò mọ̀, kẹ̀kẹ́ ni.

Aago mọ́kànlá

Pẹ́dàlì dé. Wọ́n tẹ lẹ́tà kékeré sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, L fún òsì, R fún ọ̀tún. Òsì tàbí ọ̀tún ta ni? Ti ẹni tó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ ni. Ṣùgbọ́n iwájú kẹ̀kẹ́ ni Bàbá Ìbejì dúró sí, tó kọjú sí i, ọ̀tún tirẹ̀ sì ni òsì kẹ̀kẹ́.

Ó gbé pẹ́dàlì ọ̀tún sí ihò òsì, ó yí i bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ó wọlé díẹ̀, ó kọ̀. Ó fi sípánà ọkọ̀ rẹ̀ mú un. Ó wọlé díẹ̀ sí i, ó ń ké. Bàbá onílé ń kọjá lọ sí ilé ìwẹ̀, ó dúró, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o.” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Wọ́n ti ki páìpù bọ ìdí sípánà kí ó lè gùn.

Pẹ́dàlì òsì kẹ̀kẹ́ kò rí bíi nọ́ọ̀tì yòókù láyé. Òdìkejì ni tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń yí. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yí po, agbára ìtẹ̀ yẹn ń rìn káàkiri inú ihò rẹ̀, á sì máa fi díẹ̀díẹ̀ yí irin náà. Bí wọ́n bá fi tírẹ́ẹ̀dì tó wà lápá ọ̀tún sí ti òsì, á máa tú ara rẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn Wright méjèèjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ tà ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà, polówó pẹ́dàlì tí kò lè tú dànù lọ́dún 1900, ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ òfúrufú wọn lọ sókè. Èèyàn tó mọ ohun tí wọ́n fi ń fò ti jókòó ronú lórí ọ̀rọ̀ pẹ́dàlì òsì. Nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà tó wà nílẹ̀ yìí, ìlà kan ni.

Táíwò ló rí lẹ́tà náà nígbà tó mú pẹ́dàlì kejì lọ́wọ́. “Daddy, L lèyí o.” Wọ́n tú ti àkọ́kọ́ jáde, ó sì jáde pẹ̀lú èérún irin wínníwínní lẹ́nu, nítorí irin tó le ni pẹ́dàlì, ọ̀pá tó ń wọ̀ sì jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù. Ti ọ̀tún wọ ọ̀tún láìsí wàhálà. Ti òsì wọ òsì lápá òdì bó ṣe yẹ, ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dúró. Bàbá Ìbejì mì í. Ó ní ó ti mú.

Aago méjìlá ọ̀sán

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni Ìyá Ìbejì fi fọ́tò kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí ìpè fi wọlé, èyí tí wọ́n ti lè rí ojú ara wọn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, fọ́ọ̀kì yẹn kọjú sẹ́yìn.”

“Fọ́ọ̀kì wo?”

“Irin tó di ẹsẹ̀ iwájú mú, sà. Bíréèkì iwájú gbọ́dọ̀ wà níwájú. Ẹ ò rí i bí wáyà rẹ̀ ṣe lọ́ mọ́ra? Tí ẹ bá yà kọ́rọ́, ìka ẹsẹ̀ yín á máa gbá táyà.”

Inú Bàbá Ìbejì kò dùn. Kò sí ọkọ tó fẹ́ kí àbúrò ìyàwó fi ojú fóònù rí àṣìṣe òun níwájú àwọn ọmọ òun. Ṣùgbọ́n ó wò ó, ó sì rí i. Wọ́n tú ọwọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n yí fọ́ọ̀kì, wáyà bíréèkì já geere. Àbúrò ní kí wọ́n tẹ ọ̀pá ọwọ́ wọlé títí ìlà yẹn yóò fi bọ́ sínú. Ó ní òun náà ra irú rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì gbé páálí fún òun lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sanwó kí wọ́n bá òun tò ó.

Ó béèrè bíréèkì wo ni ọwọ́ ọ̀tún ń mú. Kẹ́hìndé fún un: ti ẹ̀yìn ni. Ó ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ààbò kẹ̀kẹ́ ti ọdún 2010 sọ pé ọwọ́ ọ̀tún ni kó máa mú ti iwájú nígbà tí wọ́n bá ń tà á, aago ìkìlọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ ọ̀tún ni ti ẹ̀yìn. Ilé iṣẹ́ tó ń kó kẹ̀kẹ́ lọ síbi gbogbo á kàn ṣe èyí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Raleigh tó ń ti Nottingham wá ni àwọn bàbá wa gùn, ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ọwọ́ wọn. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ọwọ́ òsì ń mú ẹ̀yìn, tó wá fi gbogbo agbára fún òsì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ iwájú á dúró, òun á sì fò kọjá ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

“Ẹ ò sì tún pẹ́dàlì òsì wò, Ẹ̀gbọ́n?”

“Ìyẹn ti wọlé.”

Aago kan

Àmàlà àti gbẹ̀gìrì. Kẹ̀kẹ́ náà dúró ti ògiri, àwọn ọmọ àdúgbò mẹ́fà yí i ká. Iná dé, iná lọ.

Aago méjì

Wọ́n tì í lọ sọ́dọ̀ fọ́gánáísà ní ìkóríta. Ẹnu fáàfù rẹ̀ bá ti ọkọ̀ mu, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fún táyà bọ́ọ̀sì sì ni wọ́n kì bọ̀ ọ́. Ara táyà ni wọ́n ti kọ iye afẹ́fẹ́ tó lè gbà, Táíwò sì kà á jáde kí ó tó bú. Ohun rere kan ṣoṣo tí a ṣe ní àṣeyọrí ní àkókò yìí nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, wọ́n yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n ń yí gíà. Láti ọ̀kan dé ìkẹfà, ṣéènì ń fò. Nígbà tó dé ìkeje, èyí tó tóbi jù lọ lẹ́yìn, ariwo kan sọ kàtàkàtà: irin tó ń ti ṣéènì láti gíà kan sí òmíràn ti ń kan sípóòkù. Bó bá jẹ́ pé èèyàn wà lórí rẹ̀ ni, tó ń gun òkè Mókọ́lá, irin yẹn á wọ àárín sípóòkù, á sì fà á já.

Àwọn síkúrù kékeré méjì wà lára irin yẹn, H àti L, tí wọ́n fi ń sọ fún un ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá. Bàbá Ìbejì yí L títí ariwo fi dáwọ́ dúró. Gíà keje kò wọlé mọ́. Àìsàn náà kò sí lára síkúrù. Ẹ rántí igun páálí tí irin lù já: wọ́n ti sọ ọ́ mọ́lẹ̀ níbì kan láàárín Tianjin, tàbí ibikíbi tí wọ́n ti ṣe é, sí Àgbowó, ìdí tí irin gíà rọ̀ mọ́ sì ti tẹ̀ wọnú.

Aago mẹ́ta

Kẹ́hìndé ló gùn ún jáde. Fídíò wà, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógójì. Ó jáde ní géètì, ó yà sí ọ̀tún, ó dìde dúró lórí pẹ́dàlì kí ó lè gun ibi tó ga ní iwájú ilé ìjọsìn. Pẹ́dàlì òsì yọ. Ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, lórí iyanrìn, kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Orúnkún bó. Fídíò náà parí sí ojú ọ̀run, nítorí pé ẹni tó ń yà á ti ń sáré.

Ìyá Ìbejì kò pariwo. Ó fọ orúnkún ọmọ rẹ̀, ó mú pẹ́dàlì nílẹ̀, ó fún ọkọ rẹ̀. “Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.”

Aago mẹ́rin sí mẹ́fà

Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe náà kò ní páátákó. Ẹ̀yìn fọ́gánáísà yẹn gan-an ló wà, lábẹ́ páànù, wọ́n sì ti kọjá níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án láìwo ẹ̀gbẹ́. Ó tó ẹni àádọ́rin ọdún. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó fi ìka méjì mú ìdí ẹsẹ̀ iwájú, ó ń yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó dijú.

“Ẹ fi ọwọ́ kàn án.”

Bàbá Ìbejì kàn án. Èmi náà kàn án. Ó ń ṣe kókó-kókó lábẹ́ ìka, bí ẹni pé iyanrìn wà níbẹ̀. Bàbá tú nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀, ó da àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké sínú ìdérí agolo mílíìkì. Gíríìsì tó wà níbẹ̀ kò tó èyí tí ọmọge fi ń pa ètè. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, ó to bọ́ọ̀lù náà padà sínú gíríìsì tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dè é. Ó dè é le jù, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó ní ká kàn án wò. Ó dẹ̀ ẹ́ jù, ó ní ká mì í wò. Lẹ́yìn náà ló wá dè é síbi tó yẹ, ní ìwọ̀n tí kò ju ìdá díẹ̀ nínú yíyí kan lọ. Ìyàtọ̀ láàárín ẹsẹ̀ tó máa yí fún ọdún mẹ́wàá àti èyí tó máa jẹ ara rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan kò ju èyí tó wà ní ìka rẹ̀ yẹn lọ.

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi ti fọ́ọ̀kì, ó yí ẹsẹ̀ náà. Ibi tí rìímù ti yọ ikùn ni ṣọ́ọ̀kì ń kàn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sípóòkù dè ní òsì, ó tú ní ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, títí ṣọ́ọ̀kì fi fa ìlà kan ṣoṣo yípo. Ẹ̀rọ ló fi sípóòkù wọ̀nyí sí i ní ilé iṣẹ́. Èèyàn kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n láti ìgbà náà. Rọ́bà bíréèkì ga jù, kì í ṣe rìímù ló ń mú, ẹ̀gbẹ́ táyà ló ń họ. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó fi sípánà ńlá di ìdí irin gíà mú, ó tẹ̀ ẹ́ síta lẹ́ẹ̀kan, ó dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ó wò ó, ó tún tẹ̀ ẹ́. Gíà keje wọlé.

Ó wá bi Bàbá Ìbejì pé, “Ọ̀gá mi, ọwọ́ wo lẹ fi ń mú bíréèkì iwájú láti kékeré?” Ọ̀tún ni. Ó tú wáyà méjèèjì, ó pààrọ̀ wọn.

Ó ní níbi tí òun ti kọ́ṣẹ́, inú àpótí ni kẹ̀kẹ́ ti ń wá nígbà náà náà. Ẹni tó ń tà á ló ń tò ó. Ọmọ iṣẹ́ kì í fọwọ́ kan sípóòkù lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀, gbígbá ilẹ̀ àti fífọ bọ́ọ̀lù ni. Èyí ló ṣe mí ní kàyéfì nípa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: kò sí ohun tuntun nínú kẹ̀kẹ́ tó wà nínú páálí. Ohun tó yí padà ni ẹni tí wọ́n gbé páálí náà fún. Wákàtí méjì tí Bàbá yìí lò wà nínú owó kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀; oníṣọ́ọ̀bù ló ń san án, à ń san án padà fún un láìmọ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, a ní ọjà náà pọ́ọ́kú, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ kan dípò rẹ̀.

Ó fi ti pẹ́dàlì kẹ́yìn. Ó ki pẹ́dàlì òsì bọ inú ihò náà láti ẹ̀yìn, níbi tí tírẹ́ẹ̀dì kò tíì bàjẹ́, pé bóyá á lè tún ojú ọ̀nà ṣe. Ó mì í, ó mi orí. Alumíníọ́ọ̀mù ti jẹ. Ẹnìkan tó dúró níbẹ̀ ní kí wọ́n gbé e lọ fún wẹ́dà kó jó o pọ̀. Bàbá kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó wọ inú àpò ìrẹsì tó kún fún irin tòkunbọ̀, ó mú ọ̀pá òsì kan jáde, ihò àárín rẹ̀ onígun mẹ́rin bíi ti kẹ̀kẹ́ náà. Ó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n 170 ni wọ́n kọ sẹ́yìn ọ̀pá ọ̀tún, 165 sì ni ti èyí. Mílímítà márùn-ún. Ó ní wọn ò ní ṣubú, àmọ́ kí wọ́n wá èyí tó bá ẹnìkejì rẹ̀ dọ́gba, kí ìgbáròkó má baà máa dùn wọ́n lọ́jọ́ iwájú. Kí wọ́n sì gbé e padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí wáyà tuntun á fà, sípóòkù á jókòó, gbogbo rẹ̀ á sì fẹ́ kí wọ́n tún un dè.

Owó tó gbà kò tó owó táyà kan. Bàbá Ìbejì fi kún un.

Aago méje alẹ́

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ló kọ̀wé sí ilé ìtajà náà, pẹ̀lú fọ́tò páálí tó lu, ti irin gíà tó tẹ̀, àti ti ìdí ẹsẹ̀ tí kò ní gíríìsì. Kò fi ti pẹ́dàlì sí i. Ó ní ìyẹn lọ́wọ́ òun nínú. Èsì dé kíákíá, irú èyí tí kì í ṣe èèyàn ló kọ ọ́: ọjà tí oníbàárà bá ti tò kò ṣe é dá padà.

Òfin tó fìdí àjọ FCCPC múlẹ̀, òfin ọdún 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, fún ẹni tó ra ọjà tó lábùkù ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ lábùkù kó tó tò ó? Wọn ò jẹ́ ká tú u ká tó sanwó. Nígbà tí a sì tú u tí a tò ó tán, a ti fọwọ́ kàn án. Inú ihò yẹn ni wọ́n ń gbé. Bàbá Ìbejì kọ èyí sí wọn pẹ̀lú nọ́ńbà òfin náà, ní Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì rẹ̀ tó le bí òkúta. Èsì kejì kò dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Aago mẹ́jọ

Ìyá Ìbejì kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ pé ọmọ kò fara pa púpọ̀. Àbúrò ní òun á wá ọ̀pá náà níbẹ̀, òun á fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé lóṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n ka gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún òun, kí òun má ra ti ọ̀tún.

Bàbá Ìbejì wá yá tọ́ọ̀ṣì mi. Ó kúnlẹ̀ sí apá òsì kẹ̀kẹ́ náà, ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó kọjú síbi tí ẹni tó bá jókòó lórí rẹ̀ máa ń kọjú sí, ó sì ń kà á sókè, Táíwò ń tẹ̀ ẹ́: òsì, 170, ihò onígun mẹ́rin.